Iṣẹ́ Agbowó Orí ní Ìpínlẹ̀: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Jù

Àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ la kọ èyí fún. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Iye owó àti ọjọ́ tí ẹ máa bá pàdé tẹ̀lé àwọn òfin owó orí ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026.

Kí ni agbowó orí ń ṣe gan-an? Ṣé òun ló ń lọ gba owó lọ́wọ́ aráàlú?

Rárá. Orúkọ iṣẹ́ náà ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Láyé àtijọ́, àkódà a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á gba owó, á já rìsíìtì. Lóde òní, òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ kan owó aráàlú ti dáràn. Báǹkì àti orí íntánẹ́ẹ̀tì lowó ń gbà wọ àpò ìjọba. Ìwé ni tiwa.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà pín sí. Àwọn kan ń bu owó orí: wọ́n ń gba ìwé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ lórí owó tó wọlé fún wọn, wọ́n sì ń ṣírò iye tó kàn wọ́n. Àwọn kejì ń yẹ ìwé wò: wọ́n ń lọ sí ilé iṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Àwọn kẹta ń lépa gbèsè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bu owó orí ni ẹni tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì bu owó orí rí kò lè mọ ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí.

Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀: ta ló ń gba kí ni?

Nigeria Revenue Service, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ tó gba ipò FIRS, ló ń gba owó orí lórí èrè àwọn ilé iṣẹ́ onílíìmítẹ́ẹ̀dì àti VAT, ìyẹn owó orí lórí ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n bá tà, tó jẹ́ 7.5%. Òun náà ló ń gba owó orí àwọn olùgbé Àbújá, ológun, ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti àwọn tí kì í ṣe olùgbé Nàìjíríà.

Ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀, bíi LIRS l'Ékòó, OYSIRS ní Ọ̀yọ́ àti OGIRS ní Ògùn, ló ni PAYE, ìyẹn owó orí tí ọ̀gá ń yọ lára owó oṣù. Òun ló tún ni owó orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn, àti owó orí tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń sanwó fún kọngílá tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tàbí àwọn alájọṣe tí kò forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì, owó gáréèjì, owó ibi ìpẹran, àti owó ọjà tí ìpínlẹ̀ kò náwó sí.

Ẹ há èyí sórí kí ẹ tó jáde kúrò ní ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó bá ń béèrè VAT lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ti kọjá ààlà rẹ̀, lẹ́tà kan péré láti ọwọ́ lọ́yà ilé iṣẹ́ náà ni yóò sì fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí wo ni mo gbọ́dọ̀ ní?

Dìgírì tàbí HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé, òfin, ìṣirò tàbí kọ̀ǹpútà ló ń mú ènìyàn wọlé sípò ọ́físà. Àwọn tó ní ND ń wọlé sí ìpele tó kéré sí i. Ìwé ẹ̀rí NYSC gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tàbí ìwé tó yọ yín sílẹ̀ bí ẹ bá ti lé ní ọmọ 30 ọdún kí ẹ tó jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ìwé ẹ̀rí CITN, ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́ owó orí tí òfin ọdún 1992 fún láṣẹ, kì í ṣe dandan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Síbẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀. Bí fáìlì bá ti di 60 lórí tábìlì yín, ẹ ò ní ráyè kàwé mọ́.

Ẹ mọ Excel dáadáa. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi VLOOKUP wá orúkọ òṣìṣẹ́ 800 nínú ìwé owó oṣù méjìlá yóò máa fi ojú wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sì fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún un gan-an ló gbára lé ìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́?

Ìkéde yóò jáde lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà àti nínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí àti àyẹ̀wò ìlera. Wọn kì í ta fọ́ọ̀mù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí orúkọ yín lè jáde, gbájúẹ̀ ni.

Ṣé òótọ́ ni pé agbowó orí máa ń gba ìdá kan nínú owó tó bá mú wọlé?

Irọ́ ni. Owó oṣù ní ìpele-ìpele ni, bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù. Ẹni tó ní dìgírì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 08, wọ́n á fi ọdún méjì dán an wò kí wọ́n tó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, á sì fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Níbi tí àjẹmọ́nú bá wà nítorí pé àfojúsùn ọdún pé, gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń pín in fún. Wọn kì í wọ̀n ọ́n lórí fáìlì ẹnì kan.

Ìgbà wo nínú ọdún ni iṣẹ́ ń pọ̀ jù?

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ni gbèdéke fún àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ láti fi àkọsílẹ̀ owó oṣù ọdún tó kọjá sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti yọ PAYE lára owó rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, PAYE oṣù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e. Ẹ má wulẹ̀ tọrọ ìsinmi ní oṣù Kẹta, wọn ò ní fún yín.

Àṣìṣe tí a ń rí jù nínú ìwé oṣù Kìíní ni pé ilé iṣẹ́ máa ń kọ orúkọ àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá nìkan. Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù mẹ́fà rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, àpapọ̀ ọdún kò ní bá àpapọ̀ oṣù méjìlá mu, ẹ ó sì máa wá owó tí kò sọnù.

Ẹni tó bá kọ̀ láti fi ìwé sílẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Nínú oṣù Kẹrin ni wọ́n ń fa orúkọ irú wọn yọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó orí òṣìṣẹ́ nísinsìnyí?

Ẹ gbàgbé ẹ̀dínwó àtijọ́ tó jẹ́ ₦200,000 pẹ̀lú 20% àpapọ̀ owó. Ó ti lọ. Ẹ̀dínwó lórí owó ilé ló rọ́pò rẹ̀: 20% owó ilé tí ẹni náà san lọ́dún, kó má ju ₦500,000 lọ. Ìpele owó orí náà nìyí: ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, 15%, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé e, 18%, ₦13,000,000, 21%, ₦25,000,000, 23%, èyí tó bá lé ní ₦50,000,000, 25%. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin kò san nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ kan tó ń gba ₦200,000 lóṣù ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún, ó jẹ́ ₦2,400,000. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, 8%, jẹ́ ₦192,000. Ó san ₦600,000 owó ilé, 20% rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Ẹ yọ méjèèjì, ó ku ₦2,088,000. Ẹ yọ ₦800,000 àkọ́kọ́, ó ku ₦1,288,000. 15% rẹ̀ jẹ́ ₦193,200 lọ́dún, tàbí ₦16,100 lóṣù.

Ibi méjì ni wọ́n ti ń ṣi í ṣe. Èkíní, owó oṣù gidi, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń yọ 8% ìfẹ̀yìntì lára wọn. Àwọn àjẹmọ́nú mìíràn kì í sábà sí níbẹ̀. Èkejì, ẹ̀dínwó owó ilé kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ tàbí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn ilé àti ẹ̀rí pé owó kúrò ní báǹkì. Àwọn onílé kan kì í fẹ́ kọ rìsíìtì, nítorí pé rìsíìtì yẹn náà lè tọ́ka sí owó orí tiwọn.

Kí ni kí n béèrè nígbà tí mo bá lọ yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò?

Lẹ́tà ló ń ṣáájú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀, àti ìwé tí ẹ fẹ́ sínú rẹ̀. Ìwé owó oṣù fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ìwé ìṣirò owó ọdún tí ayẹ̀wéwò buwọ́ lù, àkọsílẹ̀ báǹkì, rìsíìtì PAYE, àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìwé àdéhùn iṣẹ́ àwọn ọ̀gá àgbà, àti orúkọ àwọn kọngílá pẹ̀lú iye tí wọ́n gbà.

Àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ilé iṣẹ́ tó kọ orúkọ 40 fún wa lè ti kọ 65 fún àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, torí pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń ṣọ́ owó ìfẹ̀yìntì tiẹ̀ lójú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá owó tó ń jáde lóṣooṣù ní báǹkì sí ọwọ́ ẹni kan náà, ní iye kan náà, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ àfikún tí wọ́n ń pè ní kájúà ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ohun tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe owó. Bí ilé iṣẹ́ bá ra ọkọ̀ ₦20,000,000 tí ọ̀gá kan ń gbé sílé, 5% rẹ̀, ìyẹn ₦1,000,000, ni wọ́n ń fi kún owó tó wọlé fún ọ̀gá náà lọ́dún. Ilé tí wọ́n fún un gbé náà ní ìṣirò tirẹ̀.

Owó òṣìṣẹ́ tó wà nínú ìṣirò ọdún ju èyí tí wọ́n fi san PAYE lọ. Ṣé kí n bu owó orí lé gbogbo ìyàtọ̀ náà?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe àwọn ọmọ tuntun nìyẹn, òun ló sì ń mú kí ìwé wa padà wá láti kóòtù. Nínú ọ̀rọ̀ "owó òṣìṣẹ́", ilé iṣẹ́ máa ń kó owó ìfẹ̀yìntì tí ọ̀gá ń dá pa pọ̀ mọ́ owó ìwòsàn, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, aṣọ iṣẹ́, àti owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n tú u palẹ̀ fún yín lórí bébà kan: apá òsì, iye inú ìṣirò ọdún, apá ọ̀tún, iye inú ìwé owó oṣù, láàárín, àlàyé ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé tó tì í lẹ́yìn. Ohun tí wọn kò bá lè ṣàlàyé ló kù sílẹ̀ fún yín. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ ₦9,000,000 lára ìyàtọ̀ ₦30,000,000, àmọ́ ₦9,000,000 yẹn kò ní mì.

Ilé iṣẹ́ ti san PAYE, àmọ́ òṣìṣẹ́ wọn kò rí ìwé ẹ̀rí owó orí gbà. Kí ló fà á?

Ọ̀rọ̀ yìí ń wá sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́. Owó ti wọlé lóòótọ́, àmọ́ orúkọ kò tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ san ₦1,450,000 ní báǹkì, kò sì fi ìwé tó sọ pé ti ta ni àti ti ta ni ránṣẹ́. Owó náà jókòó sí àpò ilé iṣẹ́, àpò òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣófo. Ìwé ẹ̀rí owó orí ń ka ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Oṣù kan tó bá dá dúró báyìí tó láti dí i lọ́nà.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀. NIN ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan báyìí, nọ́ńbà tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, fún ilé iṣẹ́ sì ni ti ilé iṣẹ́. Bí orúkọ tó wà lórí NIN bá yàtọ̀ sí ti ìwé owó oṣù (arábìnrin tó lọ́kọ ló sábà ń kó sí i), ẹ̀rọ kò ní so wọ́n pọ̀. Kí ilé iṣẹ́ tún àkọsílẹ̀ oṣù náà ṣe, kí wọ́n so ó mọ́ rìsíìtì owó náà. Ìwé ẹ̀rí náà kì í gba owó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin fún wa láti gbé e jáde fún ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Òṣìṣẹ́ ń gbé Mowé, ó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà. Ìpínlẹ̀ wo ló ni owó orí rẹ̀?

Ògùn ni. Ibi tí ènìyàn ń gbé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún náà ló ni owó orí owó oṣù rẹ̀. Ibi tó ń ṣiṣẹ́ kọ́. Ilé iṣẹ́ Ìkẹjà gbọ́dọ̀ pín ìwé rẹ̀ sí méjì: ti àwọn tó ń gbé Èkó lọ sí Èkó, ti àwọn ará Mowé, Ìbafọ̀, Sàǹgó àti Àkúté lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá kó kúrò ní Mowé wá sí Agége ní oṣù Karùn-ún, Ògùn ló ṣì ni ọdún yẹn.

Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ Èkó tí ilé iṣẹ́ kan sì fi rìsíìtì Ògùn hàn yín, ẹ má fi ìbínú kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn ilé, ìwé owó iná, tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ. Níbi tí òṣìṣẹ́ 200 bá ń gbé àdírẹ́sì mẹ́rin péré ní Ọ̀tà, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè bu owó orí fún un?

Òfin fún wa láyè láti fojú díwọ̀n, àmọ́ ojú tó ní ẹ̀rí. Owó ilé ìtajà rẹ̀, iye àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọkọ̀ rẹ̀, owó tó ń gba inú PoS rẹ̀ wọlé: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rí i. Nọ́ńbà tí kò ní ìdí kò ní dúró níwájú Tax Appeal Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí. Ó sì tún ń ba orúkọ ọ́fíìsì jẹ́, nítorí ẹni tí ẹ bu ₦5,000,000 fún tí wọ́n wá gbé e wálẹ̀ sí ₦180,000 yóò sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìdúnàádúrà lásán ni owó orí.

Ẹ ṣọ́ra fún owó tó wọ báǹkì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni owó tó jẹ èrè. Owó yíyá wà níbẹ̀, owó tó ń ti àkáǹtì rẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn wà níbẹ̀, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù fún ìsìnkú wà níbẹ̀. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ olórí àjọ, ₦12,000,000 lè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́dún kí ó má sì ní ju owó ọjọ́ kan lóṣù tó ń yọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ béèrè ìwé àjọ rẹ̀. Wọ́n máa ń ní in, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ dáadáa ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

Ẹni tí a bu owó orí fún kọ̀wé àtakò. Kí ló kàn?

Ọjọ́ 30 ló ní láti kọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìwé wa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìwé tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Ẹ gba ìfọwọ́sí, orúkọ àti ipò ẹni tó gbà á, tàbí kí ẹ tọ́jú ẹ̀rí í-méèlì. "Mo fún gáàdì tó wà lẹ́nu géètì" kò tó.

Ìwé àtakò tó péye gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kó sọ iye tí ẹni náà gbà pé òun jẹ, kó sì so ẹ̀rí mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i pé òótọ́ ló sọ, ẹ tún owó orí náà bù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ kọ ìwé pé ẹ kò ní yí i padà, kó lè gbé e lọ síwájú Tribunal. Ohun tó burú jù ni kí ẹ má dáhùn rárá, kí fáìlì máa sùn, kí èlé sì máa gun orí owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kò lé lórí.

Báwo ni mo ṣe lè ṣiṣẹ́ nínú ọjà láìdá wàhálà sílẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 1940, àwọn agbowó orí máa ń tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti tó san. Àwọn obìnrin dìde láti 1947, Aláké sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn gbógun ti owó orí, nígbà tí owó kòkó kò dára tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń lé wọn kiri inú oko. Òun ni Àgbẹ́kọ̀yà. Ìyá ìyá ẹni tó ń ta elùbọ́ níwájú yín mọ ìtàn yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lọ lówùúrọ̀ tí wọ́n ń já ẹrù, ẹ má sì kó ọlọ́pàá lọ fún ìkéde lásán. Òfin ọdún 1998 tó ka owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà ti ka dídí ọ̀nà láti gba owó orí léèwọ̀. Ẹni tó bá na okùn sójú títì ń dá ẹ̀ṣẹ̀.

Owó tí wọ́n pa kì í ṣe èrè. Ẹ ṣe ìṣirò níwájú wọn. Ẹni tó ń pa ₦50,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 300 ti pa ₦15,000,000. Bí èrè rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, ọkọ̀, alábàárù àti owó ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ 6%, ₦900,000 ni. Ó san ₦300,000 owó ilé tó ń gbé, ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ó ku ₦840,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦40,000. 15% rẹ̀ jẹ́ ₦6,000 fún odindi ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí àtẹ kò jẹ nǹkan kan rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìgbà wo ni a lè ti ilé iṣẹ́ pa?

Nígbà tí gbèsè bá ti di èyí tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ mọ́: ọjọ́ 30 ti kọjá láìsí àtakò, tàbí ẹjọ́ ti parí, a sì ti kọ ìwé ìkìlọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ju kọ́kọ́rọ́ lọ ni kí ilé iṣẹ́ owó orí kọ̀wé sí báǹkì ajigbèsè náà, tàbí oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó, kí wọ́n san án fún ìjọba.

Bó bá di títì, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, ẹ kà á fún ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà àti òṣìṣẹ́ kó ẹrù ara wọn jáde. Oúnjẹ tó lè bà jẹ́, ẹranko, oògùn aláìsàn: ẹ bójú tó wọn kí ẹ tó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ lé, ẹ ka iye rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ̀yin àti onílé iṣẹ́ jọ buwọ́ lùwé. Ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè tà á. Ilé tàbí ilẹ̀ kò ṣeé tà láìjẹ́ pé kóòtù tún pàṣẹ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọdún mélòó sẹ́yìn la lè padà sí láti bu owó orí?

Mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé jìbìtì ni wọ́n fi bo ó mọ́lẹ̀, kò sí ààlà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ó fìdí jìbìtì náà múlẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò sì lè sọ pé àwọn ti sun ìwé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì fi àpòòwé sábẹ́ fáìlì. Kí ni kí n ṣe?

Omi tútù kò burú. Àpòòwé burú. Òfin ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè gbà kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwọ̀n tí àṣà fàyè gbà, kò sì gba ti ẹni tó ń bá ọ́fíìsì rẹ̀ da nǹkan pọ̀. Ẹ dá a padà níbẹ̀, níwájú ẹlẹ́gbẹ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà. Méjì-méjì la ń jáde, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń ṣàlàyé ohun ìní yín ń padà wá lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tó ń yẹ owó oṣù àwọn ẹlòmíràn wò gbọ́dọ̀ rántí pé wọ́n ń yẹ tiẹ̀ náà wò.

Fáìlì tí wọ́n gbé fún mi jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ dá a padà pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má sì sọ fún ẹlẹ́gbẹ́ yín pé kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìbúra àṣírí tí ẹ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kan ilé àti ẹbí, ó tún kan àdúgbò. Owó tó ń wọlé fún aládùúgbò yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí tábìlì ọlọ́tí.

Ọ̀dọ́ kan ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ní Yábàá fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, dọ́là ni wọ́n fi ń san án. Ṣé ó kàn wá?

Ó kàn wá. Olùgbé Nàìjíríà ni, owó tó wọlé fún un láti ibikíbi lágbàáyé ló ní owó orí nílé. Kò sí ọ̀gá tó ń yọ PAYE lára owó rẹ̀, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ iye owó tó wọlé fún un kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá, kó sì san án fún Èkó.

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni tàbí kọngílá. Bó bá jẹ́ kọngílá, ẹ jẹ́ kó yọ owó íntánẹ́ẹ̀tì, epo jẹnẹrétọ̀ tó fi ṣiṣẹ́ àti iye kọ̀ǹpútà tó ti gbó kúrò. Bó bá sọ pé wọ́n ti yọ owó orí l'Amẹ́ríkà, ẹ ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń rò pé owó tí ìkànnì tó gba iṣẹ́ fún wọn yọ ni owó orí. Owó iṣẹ́ ìkànnì ni.